Èdè Àwọn Ará Òfúrufú

Òórùn pẹtiróòlù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Abẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fi fíìmù mi hàn ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé wá bá òórùn ẹ̀pà sísun tí àwọn èèyàn ń jẹ. Ìyá mi jókòó lápá ọ̀tún mi. Láti Ọ̀kà ló ti wá, òun àti díẹ̀ nínú àwọn ìyàwó ilé wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un lágboolé bàbá mi pé ọ̀lẹ lọmọ rẹ̀, pé eré kíkọ kì í ṣe iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ló fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà náà á mọ bí orí mi ṣe wú tó.

Eré apanilẹ́rìn-ín ni, nípa àwọn ẹ̀dá kan tó fò wá láti ayé mìíràn, tí ọkọ̀ wọn bà sórí àpáta Ọ̀kà, tí wọ́n wá ń bá àwọn àgbẹ̀ ná iṣu. Èmi ni mo kọ ọ́, àmọ́ mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á. Nínú iṣẹ́ wa, bí o bá ti fi eré lé olùdarí lọ́wọ́, ó di tiẹ̀ nìyẹn. Níbi tó yẹ kí àwọn ẹ̀dá náà ti sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré ni mo kọ: "Kí wọ́n sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́." Èmi rò pé wọn á kàn máa dún bí ẹyẹ ni.

Àwọn ẹ̀dá náà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri tí wọ́n ń fi fíìmù hàn sí, wọ́n fi fọ́ìlì wé orí. Wọ́n lanu, mo sì mọ ìró yẹn. Ìró ẹnu ìyá mi ni, nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá pè é lórí fóònù láti ìlú wọn lápá Òkè-Àgbè, tí èdè wọn yàtọ̀ sí Yorùbá. Olùdarí ti lọ kó àwọn ọkùnrin ibẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n ṣáà máa sọ tiwọn. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó ilé wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì dá àwọn tó wà lára ògiri lóhùn ní èdè wọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí aláìsàn. Ọkùnrin tó wà níwájú wa yíjú padà.

"Hẹ̀ẹ́! Màmá yìí náà bá wọn wọkọ̀ ọ̀hún wá!"

Ẹ̀rín tún sọ. Ojú gbà mí tì. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́ lọ.

"Màmá, kí ni wọ́n ń sọ?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Wọ́n ní àwọn ò tíì jẹun látàárọ̀. Wọ́n ní oòrùn fẹ́ẹ̀ pa àwọn nínú ohun tí wọ́n fi wé àwọn lórí yẹn. Mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́ ni. Ìwọ ò gbọ́ ni?"

Mi ò gbọ́. Èdè tó fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tó pọ̀n mí ni, mi ò sì gbọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ọmọ Ọ̀kà máa ń sín mi jẹ bí mo bá fi dá a lóhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n fi í sílẹ̀, kí ojú má bàa máa tì mí.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ọ̀kà, àwọn ìyàwó ilé wa ń yìn mí, wọ́n ń ṣe bí àwọn ará òfúrufú. Ohun tí ìyá mi ti ń fẹ́ kí wọ́n sọ tipẹ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ojú fèrèsé ló ń wò.

Mo ti kọ eré púpọ̀ láti ìgbà náà, fíìmù yẹn ló sì sọ mí dolórúkọ. Síbẹ̀, bí mo bá dé ibi tí ẹ̀dá ayé mìíràn ti fẹ́ lanu sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi á dúró, ojú á sì tún tì mí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́, èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi sì jókòó tì mí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.