Òmìnira Mi Wà Nínú Báàgì Ọmọ Mi

Àlejò ni ọmọ mi obìnrin nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé mi ní Mayesbrook, ní London. Báàgì méjì ló gbé wá láti Èkó, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun ò ní pẹ́ rí ilé tòun. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló bá wá sí ìlú òyìnbó. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń tọ́jú èmi náà láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó kó ṣúgà kúrò nílé. Ó ń ka ata sínú ọbẹ̀ mi. Báyìí gan-an ni òyìnbó ṣe wọ ìlú wa: wọ́n ní àwọn kàn yà kí wa ni.

Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn, àfi ti káàdì mi. Káàdì kan wà tí wọ́n ń fún àwa àgbà ní London, tá a fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́. Fíríídọ̀mù Páàsì ni wọ́n ń pè é; èmi ń pè é ní Òmìnira. Òun ni mo fi ń lọ sí Heathway láràárọ̀, kí n lọ wo ojú ènìyàn, kí n bá ẹni tó ń ta ẹja ṣàwàdà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan mo ṣi bọ́ọ̀sì wọ̀, oorun sì gbé mi lọ, ó di Creekmouth, níbi tí kò sí nǹkan míì ju ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Òjò ń rọ̀, sílípáàsì ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi, fóònù mi sì wà lórí fíríìjì nílé. Kí n tó padà dé, ọmọ mi ti pe ọlọ́pàá. Ó na ọwọ́, ó gba káàdì, ó jù ú sínú báàgì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bẹ̀bẹ̀, kò gbà. Mo bínú, ó tún dín iyọ̀ ọbẹ̀ mi kù.

Ìdánwò ló wá la ọ̀nà fún mi. Ọmọ mi fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, wọ́n sì máa ń bi ènìyàn léèrè ìtàn ìlú òyìnbó kí wọ́n tó fún un. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó gbé ìwé ìbéèrè náà lé mi lọ́wọ́ bó ti ń fọ abọ́. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà nílé ìwé, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá tóbi, tí ẹni tó ń gbọ́ sì ní sùúrù, mo lè kà á.

"Kí ló dé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi bá ọba England jà?"

"Owó orí ni, Bàbá. Òyìnbó làwọn náà o, púpọ̀ nínú wọn, ibí ni wọ́n ti lọ. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn lórí bébà, lórí tíì, wọn ò sì lẹ́ni tó ń gbẹnu sọ fún wọn nílé ìgbìmọ̀ níbí. Ìgbà tó sú wọn, wọ́n da tíì sínú òkun. Ogun dé, wọ́n gba òmìnira."

"Tún un sọ."

"Èwo?"

"Ibi tíì yẹn."

Mo wo ife tíì tí kò ní ṣúgà tó gbé síwájú mi. Mo dìde jẹ́jẹ́, mo lọ dà á sáàárín abọ́ tó ń fọ̀.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ìgbìmọ̀ wo ló jókòó kí wọ́n tó gba káàdì mi? Ta ló gbẹnu sọ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi ta sí i lójú. Mo rí i pé ọ̀nà ti là, mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tèmi.

Mo ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílùú wa lọ́nà Ìjẹ̀bú, ajẹ́lẹ̀ kan wà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, tó ga débi pé ẹyẹ ń yé ẹyin sínú fìlà rẹ̀. Ó ri ẹ̀rọ omi kan síwájú ààfin, ó ní ká máa san owó omi. Bàbá mi ní odò àwọn ò tíì gbẹ. Ìyá mi lọ jókòó lé ẹ̀rọ náà lórí, omi sì gba imú ajẹ́lẹ̀ jáde.

"Irọ́ nìyẹn, Bàbá!"

"Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

Láti orí omi, ìjà dé orí owó orí, ó dé orí ẹni tó yẹ kó ṣòfin fún wa, títí àwọn àgbà wa fi wá jókòó ìpàdé ní London níbí. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kan gba ìlú wa kọjá, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí, ó ń ké pé òmìnira dé, ká pàdé ní pápá ilé ìwé. Ẹ̀rọ náà ti há lóhùn. Ohun tí mo gbọ́ ni "Omi ni, rà!" Mo ní áà, owó omi tún dé! Mo gbé garawa ìyá mi, mo sáré lọ sí pápá náà láti pọn omi ọ̀fẹ́ ìkẹyìn. Bí wọ́n ti ń fa àsíá òyìnbó wálẹ̀, tí gbogbo ayé dúró ṣánṣán, èmi nìkan ni mo ru garawa, tí mò ń wá omi kiri. Tíṣà mi gbá garawa náà gbọ̀n-ọ́n: "Òmìnira ni, olódo!"

Mo délé, ìyá mi ní omi dà. Mo ní òmìnira ni wọ́n fún wa. Ó yọjú wo inú garawa, ó ní, "Ó mà kéré o."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́.

"Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Kì í ṣe gbogbo arúgbó tó bá rìn jáde báyẹn ló ń padà wá. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún àwọn ará ilé."

Mo ní ó dáa, àwọn tiwa ò jagun, ìpàdé ni wọ́n ṣe. Jẹ́ káwa náà jókòó. A jókòó. A fẹnu kò pé màá wọ bàtà gidi, màá mú fóònù dání, n ò sì ní kọjá Heathway. Ó yọ káàdì jáde.

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Ìyẹn ṣì wà lábẹ́ ìjọba mi."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo dé Heathway, mo bá ẹlẹ́ja ṣàwàdà tán, ọjọ́ sì ṣì pọ̀ níwájú. Mo tún wọ bọ́ọ̀sì, mo tún wọ òmíràn ní Barking, mo lajú sílẹ̀ kedere títí dé Creekmouth. Mo lọ síbi tí odò Roding ti ń ṣàn wọ Thames. Omi lọ salalu, kò sẹ́ni tó ń tà á. Fóònù dún, mo gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ibo lẹ wà?"

Irọ́ kan tó dáa ti wà létè mi, pé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja ni mo wà. Mo gbé e mì.

"Creekmouth ni."

Mo ti ń fọwọ́ pa káàdì náà nínú àpò bí ẹni tó ń dágbére fún un.

"Bàtà wo ló wà lẹ́sẹ̀ yín?"

"Aláwọ ni. Mo tiẹ̀ so okùn rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ má sùn nínú bọ́ọ̀sì o."