Ìyá Àdúrà Lórí Òkè Fújì

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo dìde nínú ìjọ wa ní àdúgbò Abbey pé kí wọ́n fi mí sínú àdúrà, pé mò ń lọ sórí Òkè Fújì, gbogbo ilé ló yíjú sí mi. Bàbá Ìjẹ̀bú kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, fújì ta ni? Ta ló ń bọ̀ wá ṣeré ní London?"

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wàásù fún wọn pé orin fújì kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbàgbọ́. Mo wá ń ṣàlàyé pé òkè gidi ni, ní ilẹ̀ Japan, òkè tó ti pọ iná rí, tí àwọn ará ibẹ̀ kà sí ibi mímọ́, tí wọ́n sì máa ń gùn lọ júbà. Mo ní Ọlọ́run kan náà ló dá gbogbo òkè. Wọ́n ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú àmín náà.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé kò sẹ́ni tó pè mí. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ló fi ọdún méjì tọ́jú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ pa mọ́ kó lè lọ. Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí tábìlì, mo ní a jọ ń lọ ni. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó ní "Okay, Mummy." Èmi ti mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe: ọkọ ni mo fẹ́ bá a gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí òkè yẹn. Mo ti kọ irú ọkọ náà sínú ìwé, ìwà rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, gíga rẹ̀. Gíga yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́.

Níbo lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun òkè ní apá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí gbogbo ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ? Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ní ilé ìdáná ilé ìwé kan ní Rush Green, màá lọ gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tó gba orí títì márosẹ̀ A12, nítòsí Marks Gate. Ìgbà mẹ́wàá lọ, ìgbà mẹ́wàá bọ̀. Mo ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Òkè Fújì kò gbọ́ ìròyìn afárá. Ibi tí bọ́ọ̀sì já wa sí nìkan ti ga ju gbogbo ohun tí mo gùn láyé mi lọ. Mo wọ sùtánà mi lé aṣọ òtútù, mo sì bọ́ bàtà, torí ilẹ̀ mímọ́ ni. Òkúta tí iná ti sè rí kì í ṣe ẹgbẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ilé ìjọsìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo gbé.

"Mummy, please, ẹ wọ bàtà yín. Mi ò lè máa rán ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni on my annual leave."

Mo wọ bàtà. Àwọn arúgbó tó jù mí lọ ń fi ọ̀pá gun òkè kọjá lára mi, wọ́n ń tẹríba fún mi. Mo rò pé wọ́n rí ògo Ọlọ́run lára mi ni. Ó yá ni mo rí i pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀.

Mo wá gbóhùn sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa: "Iná! Bàbá, rán iná Rẹ! Iná..." Mo bá rántí ohun tó wà nínú òkè náà. Mo gbé ìyókù mì, mo yí àdúrà sí òjò ìbùkún. Òjò yẹn kò pẹ́ kó tó dé.

A sùn sí ilé ìsinmi kan tí wọ́n kọ́ mọ́ ara òkè. Nígbà tó di àárọ̀, orúnkún mi ti wú, kò ṣeé ká, kò ṣeé nà. Òkè pátápátá kò sì ju nǹkan bíi wákàtí méjì mọ́. Ọmọ mi fọwọ́ tẹ orúnkún náà.

"Ó parí. We're going down, Mummy. It's fine."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo orí òkè. Mo ní kí ló dé.

"Daddy ló ní àwọn máa mú mi wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, nínú mọ́tò. They put on their fújì, wọ́n ní it's a real mountain, pé tí mo bá dàgbà àwa méjèèjì máa gùn ún."

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọkọ mi ti kú. Mo mọ mọ́tò yẹn. Èmi ni mo máa ń nawọ́ pa rédíò rẹ̀, mi ò mọ̀ pé ìdí orin yẹn ni bàbá àti ọmọ ti máa ń sọ̀rọ̀.

"Máa lọ," mo ní.

"Mi ò lè fi yín sílẹ̀."

"Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe orí. Tíì wà níbí. Lọ!" Igbe náà pọ̀ débi pé onílé sáré jáde.

Ó lọ. Kò pẹ́ tí kùrukùru fi bo ọ̀nà, mi ò rí i mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo mú ìwé ọkọ jáde, mi ò lè kà á. Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ gíga ṣe bí ọmọ náà kò bá padà? Èmi tí wọ́n ń pè ní ìyá àdúrà, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo ń pè, títí mo fi mu ife tíì mẹ́fà.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé. Eruku dúdú bò ó dé orúnkún, ojú rẹ̀ wú.

"Kí lo rí lókè?"

"Kò sí nǹkan kan. Just cloud. Mo jókòó, mo sunkún, Mummy. Mo sunkún gan-an."

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ̀, omi kò bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi yangàn nínú ìjọ, mo ní ẹ wo ìgbàgbọ́ ọmọ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú létí sàréè, tí mo sọ sí i létí pé kó má dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn. Ó ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu fún ọdún mẹ́rin.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú sí mi. Níwájú gbogbo àwọn èèyàn ilé ìsinmi náà ni mo ti sọ ọ́, ẹkún kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.