Ìwé Orúkọ Àwọn Aláriwo

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo gbà pé kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yàtọ̀ sí èmi. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ni, ní Ìsọlọ̀, mo sì wà ní kíláàsì kẹrin. Láti kíláàsì kìíní ni mo ti ń gba ipò kìíní. Mo fẹ́ràn ìṣirò bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe fẹ́ràn bàtà gogoro ayé ìgbà náà. Owó epo ń ṣàn nígbà náà, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló ní ọmọ kan tí ìjọba rán lọ sí òkè òkun. Èmi náà ti pinnu pé oníṣègùn ni n ó dà, òkè òkun ni n ó sì ti kọ́ ọ. Ipò olórí akẹ́kọ̀ọ́ ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

Bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, kò dúró de ọjọ́ tí a máa yan olórí. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ayálégbé inú ọgbà wa pé èmi ni. Bí mo bá gbé garawa dé ìdí ẹ̀rọ omi, ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà á fi ẹ̀fẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi.

“Olórí wa, ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé ẹ̀yin náà ń pọn omi?”

Mo máa ń sọ pé kí wọ́n yéé ṣe bẹ́ẹ̀. N kì í sọ ọ́ sókè jù.

Èmi ni mọ́nítọ̀ kíláàsì wa. Bí kò bá sí olùkọ́ ní kíláàsì, mọ́nítọ̀ ni í kọ orúkọ àwọn aláriwo, kí olùkọ́ lè fi koríko gígé jẹ wọ́n níyà. Bébà yíya ni àwọn mọ́nítọ̀ yòókù ń lò. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni tèmi, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ “ìlọ́po méjì” síwájú orúkọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Èjìgbò, tó máa ń gba Òkè-Àfà kọjá. Ẹ̀yìn kíláàsì ló ń jókòó, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lọ́jọ́ kan, ó dìde dúró.

“Mọ́nítọ̀, ìṣirò àná ni mò ń ṣàlàyé fún wọn o.”

“Ariwo ni.”

“Wọ́n bi ìwọ léèrè, o ní kí wọ́n lọ ka ìwé wọn.”

“Ìlọ́po mẹ́ta.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ orúkọ àwọn tó rẹ́rìn-ín náà.

Tẹ́lẹ̀, àwọn olùkọ́ ló máa ń yan olórí akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tiwa, ọ̀gá àgbà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yàn án fúnra wọn. Èmi àti ọmọ Èjìgbò yìí ni ọ̀gá àgbà ní kí a jáde síwájú. Ó ní kí a kọjú sí ògiri, kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó bá wù ú. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó pọ̀ gan-an. Mo ti ń ro ohun tí n ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá àgbà ní kí a yíjú padà. Ọmọ Èjìgbò ni wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ gbọọrọ títí dé ìdí igi máńgòrò. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn tèmi.

“Kí ló mú ọ yan eléyìí?” Ọ̀gá àgbà bi í.

“Mà, bó bá di olórí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, bóyá kò ní ráyè kọ orúkọ wa mọ́.”

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá mi.

“Ẹni mélòó ló tò sẹ́yìn rẹ?”

“Ẹnì kan, Bàbá.”

“Ẹni náà mà gbìyànjú o.”

Bàbá mi ní kí n gbé ìwé orúkọ náà wá. Wọ́n rọra ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Orúkọ gbogbo kíláàsì ló wà níbí. Tìrẹ ńkọ́?”

“Èmi ni mò ń kọ ọ́, Bàbá.”

Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olórí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá bá mi. Mo rò pé ó wá gbẹ̀san ni. Ó ní kí n máa bá òun ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn ará ẹ̀yìn, nítorí ibì kan wà tí kò yé òun fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ohùn mi ń lọ sókè. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, mọ́nítọ̀ tuntun tí olùkọ́ fi rọ́pò mi ti kọ orúkọ mi. Ìlọ́po méjì. Mo gé koríko lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn ará ẹ̀yìn, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi gé e tán.

N kò di oníṣègùn. Ariwo yẹn ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní iwájú pátákó ìkọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó ṣe yín láǹfààní: bí ọmọ yín bá gba ipò kìíní, ẹ yìn ín, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tí ó ṣàlàyé nǹkan fún lọ́jọ́ náà.