Róbà Tó Ń Mu Gírísì

Ní gbogbo àdúgbò Houinmè, kò sí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó mi. Mo kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń ti ọ̀nà Kútọnu bọ̀, mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà garáàjì mi kí n sọ oríkèé tó ti gbẹ nínú rẹ̀. Ẹ di ojú mi, kí ẹ fi gírísì sí mi láàárín ìka méjì, màá sọ bóyá ojúlówó ni. Èyí tí mò ń lò nígbà náà pupa bíi pupa ẹyin. Òun ni mo fi ń kun gbogbo nǹkan, àti oríkèé, àti ìjánu. Ní tèmi, gírísì, gírísì náà ni.

Ọkọ̀ agbẹ̀bí kan ló là mí lójú. Àárọ̀ Ajé kan ló gbé e wá, ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan. Ìjánu ẹsẹ̀ iwájú, lápá òsì, máa ń di ẹsẹ̀ náà mú fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi máa rú èéfín.

"Pátírọ́ọ̀n," ó ní, "ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Avrankou lánàá. Díẹ̀ ló kù kí aboyún kan bímọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n tó dé. Tí kò bá tíì dára lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì Kútọnu ni mò ń gbé e lọ."

Kútọnu. Bí ìgbà tó gbá mi létí ni.

Mo tú ìjánu náà. Irin méjì tó gùn bí ìka wà níbẹ̀, àwọn ni ìjánu fi ń yọ̀ lọ, yọ̀ bọ̀. Ọ̀kan ní òrùka róbà lórí, ìyẹn sì kọ̀, kò jáde. Nígbà tí mo fi òòlù lé e jáde, róbà rẹ̀ ti wú, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó tà á fún mi.

Ìyá tó ń ta ẹ̀sáńsì, epo ọkọ̀, nínú ìgò ní òdìkejì títì bú sẹ́rìn-ín. "Má bú oníróbà. Gírísì rẹ ló mu yó."

"Ìyá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n, wá wò ó."

Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì ẹ̀sáńsì kan, ó yọ róbà inú ìdérí rẹ̀, ó fi tuntun wé e. Ti inú kẹ́ẹ̀gì ti tóbi kọjá ìdérí. "Gbogbo ìgbà ni mò ń pààrọ̀ wọn," ó ní. "Ṣé o rò pé èmi ni mò ń fà wọ́n ni?"

Mo padà sí garáàjì mi. Mo ri róbà tuntun kan sínú gírísì mi, mo fi èkejì sílẹ̀ lásán. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó wà nínú gírísì ti tóbi ju èkejì lọ. Nǹkan tí kò lẹ́nu, tí kò níkùn, ó mu, ó sì sanra. Ogún ọdún ni mo ti ń bọ́ ọ, n kò sì mọ̀. Mo jókòó, mo ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó bá oyún nínú òkúta.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ó kó gírísì oríṣi mẹ́ta síwájú mi, Faransé ló wà lára wọn, òun náà kò sì lè kà á. Mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láàárọ̀ Jímọ̀, mo tò wọ́n síwájú agbẹ̀bí.

"Madámù, ẹ bá mi ka èyí."

N kò sọ irú rẹ̀ rí nínú garáàjì mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ọ̀kan, ó ní ti irin nìkan ni. Ó ka èkejì, ti orí bátìrì ni. Ó wá gbé ẹ̀kẹta, èyí tó funfun, súnmọ́ ojú. "Wọ́n ní ti ìjánu ni. Kì í ba róbà jẹ́, ooru kì í sì í yọ́ ọ."

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Mo nu gbogbo ibẹ̀, mo fi róbà tuntun sí i, mo pa gírísì funfun náà fẹ́ẹ́rẹ́. Irin náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Gírísì pupa mi ṣì wà o. Níbi tí irin bá ti ń gun irin, kò tíì sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, agbẹ̀bí ti Avrankou padà dé. Kó tó pa ọkọ̀, mo ti gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ lápá ọ̀tún, mo gbé e lé ti òsì. Ọ̀kan kò gbóná ju èkejì lọ.

"Kútọnu ńkọ́?" mo bi í.

"Kí ni mò ń wá lọ síbẹ̀?" ó ní. "Ẹ yọ ọwọ́ kúrò, mo fẹ́ máa lọ sílé."