Ṣé Ẹ Ti Mu?

Ẹ̀rọ kànga kúrò ní abúlé kan láì kan omi, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́, tí mo sì túmọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òmìnira Dahomey ni, ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Idigny. Mo bá ará Jámánì tó ń gbẹ́ kànga lọ kí n lè kọ ìròyìn rẹ̀ fún ìwé ìròyìn. Faransé ló ń sọ, èmi sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó, Yorùbá ibẹ̀. Baba àgbà tó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún kànga náà gbà wá lálejò, ó sì fi iyán bọ́ wa yó. Mùsùlùmí ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán.

Inú ará Jámánì náà dùn. Ó yọ gìtá rẹ̀, ó ń yí okùn rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀. Lójijì ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí okùn, ó nawọ́ sí Baba: "Ṣítímùn! Ṣítímùn!"

"Kí ló wí?" ni Baba béèrè.

N kò mọ̀, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ láàárín èrò. Mo rò pé ó ń fi Nàgó dánra wò ni.

"Ó ní, ṣé ẹ ti mu, Baba?"

"Mo ti mu kí ni?"

"Ọtí kẹ̀!" ọkùnrin kan ké látẹ̀yìn. "Òyìnbó ti rí i pé ojú Baba pọ́n!"

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Baba dìde. "Nínú ilé mi, lẹ́yìn ìrun? Ilẹ̀ mi kò gba kànga ẹni tó pè mí ní ọ̀mùtí."

Bó ti wọlé, ìyàwó rẹ̀ kan wò mí tòkè-tilẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé ìwọ ni yóò máa bá wa pọnmi lódò báyìí?"

Nínú ọkọ̀, bí a ti ń kó ẹ̀rọ lọ, ni mo tó bi ará Jámánì ní ìtumọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ èdè wọn ni. Bí okùn gìtá bá bára mu, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Bí ilé bá tura, tí onílé àti àlejò ń bára wọn yọ̀, ohun kan náà ni. "Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba ni."

N kò ní kí awakọ̀ yí padà. Ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ sọ pé àgbà kan kọ omi, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí n kò lè sùn mọ́, mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ìjọba ní Kétu. Kò jágbe mọ́ mi.

"Ẹ̀rọ ti wà ní ìlú Adakplamè," ó ní. "Lọ bá Baba, fẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Bó bá tún yọ̀ǹda ilẹ̀, ẹ̀rọ á yà síbẹ̀ kó tó padà sí Kútọnù. Bí kò bá yọ̀ǹda, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí ẹ̀rọ tó tún gba ibí kọjá."