Wọn Ò Jẹ́ Kí N Wẹ Ọmọ Ọmọ Mi

Kànhìnkànhìn tuntun méjì ni mo kó wá sí Amẹ́ríkà, pẹ̀lú òrí tí mo dì sínú ike mẹ́ta àti ọṣẹ dúdú tí wọ́n sè níṣojú mi. Ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta, ọkùnrin kan tó ń yẹ ẹrù wò ṣí ike òrí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fajú ro, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ fún un pé ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èmi ni mo sì fẹ́ wá máa wẹ ọmọ náà. Ó kí mi kú oríire, ó dé ike náà padà. Àjèjì gbà mí gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó wà nílé tí mò ń lọ ni ò gbà mí gbọ́.

Snellville ni wọ́n ń gbé, nínú ilé ńlá kan tí gbogbo ilé àdúgbò jọ. Ìyàwó ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mo bèèrè omi gbígbóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Mummy, ní hospital wa, a kì í bathe wọn until ìwọ́ bá já. Wipes la máa ń lò." Mo gbà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ́ já. Mo gbé omi kaná. Ọmọ mi jáde láti yàrá, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ pediatrician ná, next week ni appointment wa." A dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní ara ọmọ le koko. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́ fúnra wọn láàárọ̀ kùtù, nínú ike kan tí wọ́n gbé sínú síǹkì kíṣìnì, bí ẹni ń fọ abọ́. Màá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Kí n tó ró aṣọ mi tán, wọ́n ti wọṣọ fún ọmọ.

Ẹ wò ó, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ọwọ́ mi ni mo fi wẹ gbogbo wọn. Mo wẹ ọmọ àbúrò mi, mo wẹ ọmọ àwọn òṣèré ẹgbẹ́ mi tí kò ní ìyá láyé mọ́. Mo mọ bí a ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, mo mọ bí a ṣe ń na apá ọmọ kí ara rẹ̀ lè tú. Wọ́n wá fi mí sí pálọ̀ pé kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ó dùn mí, ó sì bí mi nínú, ìbínú náà sì wà lára mi bí ibà.

Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ṣeré. Mo bá ẹgbẹ́ òṣèré rìn láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń kú láàárín eré, tí a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ nínú òkùnkùn títí wọ́n á fi tún un tàn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbà wá, kò sí ìwé tí a ń há sórí. Adarí eré á kàn sọ ìtàn náà fún wa lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ìwọ ni ìyá ọkọ, o ò fẹ́ràn ìyàwó," ó parí. Ọ̀rọ̀ tó kù, láti inú wa ló ti ń jáde. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi pàúdà kun irun mi kí n lè di ìyá ọkọ. Mo ṣe é débi pé wọn ò jẹ́ kí n ṣe nǹkan mìíràn mọ́. Mo ti ṣe olùkọ́ rí, fún odidi ọdún mẹ́ta, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ tó ń ra ìwé fún ọmọ aláìní. Kò sẹ́ni tó rántí. Ìyá ọkọ burúkú ni wọ́n rántí. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn gún mi lábẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé mi ò lè jókòó, ó ní ti ìyàwó tí mo lé nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo ní iṣẹ́ mi ló dáa tó bẹ́ẹ̀.

Eré tó sọ mí di gbajúmọ̀ jù ni èyí tí mo ti pa ọmọ. Nínú rẹ̀, ìyá ọkọ ní òun fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Ó lé ìyàwó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ orí ọmọ náà mọ́ inú omi báàfù. Ẹ̀ẹ̀kan péré la yà á. Nígbà tí adarí eré ní kí a dúró, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún mi nítorí eré yẹn ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi nílé.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì tí mo dé, wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn Yorùbá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣirò, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n tò láti bá mi ya fọ́tò. Obìnrin kan gbá mi mọ́ra, ó ní, "Mummy, I hated you. Ẹ̀yin tí ẹ pa ọmọ yẹn. My mother fẹ́ fọ́ tẹlifíṣọ̀n wa." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí ìyàwó ọmọ mi, ó ní, "Aunty, shine your eye o. Make Mummy no baf that pikin." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n mo rí i tó fi ẹsẹ̀ fa àga ọmọ náà súnmọ́ra.

 Kí a tó délé, mo ti pinnu nínú ara mi pé ìyàwó yìí ni kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dá a lóhùn ní ṣókí. Bó bá gbé oúnjẹ wá, màá ní ebi ò pa mí. Bó bá kúnlẹ̀ kí mi, màá máa wo ojú fèrèsé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ti ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọgbọ̀n ọdún. Bó bá jẹ́ ìyá ọkọ burúkú ni wọ́n fẹ́, wọ́n á rí i.

Kámẹ́rà kan wà lára ògiri yàrá ọmọ náà, funfun, kò ju ẹyin lọ. Ìyàwó sọ fún mi pé ọmọ ni wọ́n fi ń ṣọ́, pé gbogbo ilé ọlọ́mọ níbí ló ní in. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ níwájú kámẹ́rà tó mi mọ ìgbà tí wọ́n ń ya òun. Ọmọ ò tíì lè rìn. Bí mo bá wọlé, kámẹ́rà náà á yí ojú kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, á tẹ̀ lé mi dé ìdí fèrèsé, á sì tún tẹ̀ lé mi padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ mi ti lọ sí Fairburn, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní yàrá. Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi. Ojú rẹ̀ ti wú nítorí àìsùn. Ó ní, "Mummy, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wẹ ọmọ yìí. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo gbé báàfù ike sílẹ̀ nínú yàrá ọmọ, mo da omi sí i, mo jókòó lórí àpótí kékeré tí wọ́n fi ń gun kọ́bọ́ọ̀dù, mo na ẹsẹ̀. Ìyàwó lọ mú táwẹ̀lì. Mo bọ́ aṣọ ọmọ náà, mo gbé e lé ẹsẹ̀ mi, ó ń wò mí. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò.

Ohùn kan jáde láti ara ògiri. Ó ní, "Mummy, ẹ gbé e sílẹ̀."

Ọmọ mi ni. Ó wà ní Fairburn, ó ń wò mí nínú fóònù rẹ̀. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Put him down. Ẹ gbé e kúrò nídìí omi yẹn."

Ìyàwó sáré wọlé, táwẹ̀lì lọ́wọ́, ó kọjú sí kámẹ́rà náà, ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. I've been telling you since. It's your mother." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni mo fi ń jẹ ìyàwó mi níyà láti ọjọ́ yìí wá.

Ohùn tó ń ti ẹ̀yìn kámẹ́rà wá ni mo ti ń gbọ́ràn sí ní gbogbo ayé mi. Mo gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀. Mo da omi nù.  Mo lọ jókòó sí pálọ̀, mo dúró de ọmọ mi.

Ó dé kí aago kan tó lù. Mi ò jẹ́ kó jókòó. Mo ní, "Èmi ni mo bí ọ. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo fi wẹ̀ ọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ò mọ̀ mí, inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí mi. Ìwọ ńkọ́? Ṣé inú tẹlifíṣọ̀n ni ìwọ náà ti mọ̀ mí?" Mo sọ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pè é ní ohun tí mi ò ní kọ síbí. Ó dúró, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré.

Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, ó ní, "Mummy, mo wà níbẹ̀."

Mo ní níbo.

"Ọjọ́ tí ẹ ya eré yẹn. Ẹ gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ fún mi ní bisikíìtì. Mo rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú omi, ó ń sunkún, lẹ́yìn náà kò sunkún mọ́. Everybody was clapping."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo rántí bisikíìtì náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ mi nígbà náà. Àbúrò mi tó máa ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ti rìnrìn àjò, ni mo bá mú un dání. Bèbí rọ́bà ló wà nínú báàfù, a fi aṣọ wé e. Ọmọ gidi kan tí ìyá rẹ̀ gbé dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń sunkún. Gbogbo wa la mọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ohun mìíràn tún wá sọ́kàn mi. Lẹ́yìn eré yẹn, ọmọ yìí kì í fẹ́ wẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti gbé báàfù jáde, á fi igbe ta, á sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé oríkunkun ni. Màá fà á jáde, màá nà án, màá sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ sínú omi kí n lè tètè dé ibi iṣẹ́.

Mo ní, "Bèbí ni. Bèbí rọ́bà ni."

Ó ní, "Mo mọ̀, Mummy. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé e súnmọ́ omi, àyà mi á já. I can't help it."

Inú bí mi sí i pé kò sọ ọ́ láti ọdún yìí wá. Inú bí mi sí adarí eré tó ti kú, sí àwọn tó pàtẹ́wọ́, sí pátákó àmì-ẹ̀yẹ tí mò ń nu eruku rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Inú bí mi sí ara mi ju gbogbo wọn lọ. Mo lọ bá ìyàwó ní kíṣìnì, mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí nǹkan, Mummy. Ó mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé nǹkan wà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo gbé omi kalẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo ní kó gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ó gbé e wá. Mo ní kó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, kó fi ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ tọ́ omi wò. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo da omi àkọ́kọ́ sí ọmọ lẹ́yìn, ọmọ náà ké, bàbá rẹ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí báàfù mú. Mò ń sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó ṣe é: mo fẹ́ fọ orí rẹ̀ báyìí, mo di ọrùn rẹ̀ mú, mo fẹ́ yí i padà. Ohùn mi le, nítorí inú ṣì ń bí mi. Ọmọ náà ké, ó ké, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́, bàbá rẹ̀ gbójú sókè wò mí. Mo gbé ọmọ náà sókè kó lè rí ojú rẹ̀. Ó ń yán ni.