Ihò Áyọ́ọ̀nù Lára Aṣọ Kérésì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Elekahia, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ìrẹsì Kérésì nílé wa àfi tó bá ti kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ kan tó dá lọ́dún náà. Bàbá mi ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé wọn wá sí Port Harcourt, wọ́n sì di òfin náà mọ́ ẹrù wọn wá.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, a ó to àga yíká pálọ̀, a ó kọ orin kan, bàbá á ka Bíbélì, wọ́n á wá ní, "Kí kálukú yẹ ara rẹ̀ wò." Lẹ́yìn náà bàbá á ní àwọn ti bínú jù níbi iṣẹ́. Màmá á ní àwọn ti ṣàròyé jù. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni mo máa ń kẹ́yìn. Tí mo bá ti sọ tèmi, bàbá á ní, "Ọlọ́run ti gbọ́," a ó ṣe àmín, ó parí nìyẹn. Ó ku ìrẹsì.

Mi ò tíì darúgbó tó bí ẹ ṣe ń pè mí ní màmá àgbà nínú ìjọ yìí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ẹrù tí èèyàn ti ń rù láti ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó gbó. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín nìyẹn.

Kérésì tí mò ń wí yìí ni èyí tó gbẹ̀yìn kí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì tó wọlé. Ẹ̀yin ò tíì dáyé nígbà náà. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé ayé fẹ́ parẹ́. Oníwàásù á gbé gbohùngbohùn sí ibùdókọ̀, á máa ké pé ẹni tí Jésù bá bá nínú ẹ̀ṣẹ̀, iná ni. Àwọn kan ń ra gàrí àti àbẹ́là pa mọ́, bí ẹni pé gàrí la ó máa mu níbi ìdájọ́. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀. Síbẹ̀, ohun tó gbà mí lọ́kàn ju òpin ayé lọ ni aṣọ Kérésì mi, sátìnì aláwọ̀ píǹkì tó ní ọ̀já kan tí wọ́n ń so lẹ́yìn.

Bàbá télọ̀ ló rán an. Òdìkejì títì ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yorùbá ò pọ̀ ládùúgbò wa, torí náà bí ẹbí la ṣe ń ṣe síra wa. Tí wọ́n bá kí mi tí mo bá fi Píjìn dá wọn lóhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Fi ẹnu ìyá ẹ sọ ọ́, jàre." Màmá mi gbẹ́kẹ̀ lé wọn débi pé wọn kì í tú iṣẹ́ wọn wò. Bí bàbá télọ̀ bá ṣe ká aṣọ sínú ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ náà ni màmá á ṣe gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù di àárọ̀ Kérésì. Bẹ́ẹ̀ ni màmá ṣe ṣe píǹkì yẹn náà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ tí màmá lọ sọ́jà ni mo fọwọ́ kàn án. Mo wọ̀ ọ́, mo dúró níwájú dígí, mo jókòó, mo dìde, mo jó. Nígbà tí mo fi máa bọ́ ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún. Iná wà lọ́jọ́ náà, ó yà mí lẹ́nu títí dòní pé iná wà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù tuntun tí bàbá rà, èyí tó ń mumi, tí abẹ́ rẹ̀ kún fún ihò kéékèèké. Mo gbé e lé sátìnì náà báyìí, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo fi fà á kúrò, ojú áyọ́ọ̀nù ti yọ sílẹ̀ lára aṣọ, ó dúdú kirikiri, àmì ihò náà tò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo nu abẹ́ áyọ́ọ̀nù mọ́. Mo ká aṣọ náà, mo fi ibi tó jó sínú, mo dá a padà sínú ọ̀rá. Mi ò sunkún. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rí omi ojú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni màmá tú u kí wọ́n lè mọ irú rìbọ́ọ̀nù tó máa bá a mu. Ẹ wo ariwo! Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, ó di ṣọ́ọ̀bù bàbá télọ̀.

"Bàbá télọ̀! Ṣé bí ẹ ṣe máa ṣe mí rèé? Ẹ jó aṣọ ọmọ mi, ẹ wá ká ibi tó jó sínú kí n má baà rí i!"

Ṣọ́ọ̀bù kún. Gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ Kérésì ló yíjú. Obìnrin kan ní, "Madam, abeg take am easy, Christmas don reach." Màmá ò gbọ́.

Bàbá télọ̀ gba aṣọ náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí máṣíìnì. Àwẹ̀ bọ́ sínú oṣù Kérésì lọ́dún náà, ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n fi ìka kan ihò àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta. Wọ́n wo áyọ́ọ̀nù tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, áyọ́ọ̀nù eléèédú, tí abẹ́ rẹ̀ dán tí kò ní ihò kankan. Wọ́n wá wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú o. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ń dúró. Mo wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, màmá," ni wọ́n sọ. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Kó tó di alẹ́, ọmọ á rí aṣọ wọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ náà lòfin bàbá mi kàn. A ti kọrin, a ti ka Bíbélì, kálukú ń yẹ ara rẹ̀ wò, ni ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Bàbá télọ̀ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu, aṣọ píǹkì mìíràn tí wọ́n rán wà lápá wọn, èyí tó jó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kejì. Bàbá mi ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní rárá, àwọn ò ní dí àdúrà lọ́wọ́, àwọn á dúró. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi sọ tiwọn. Màmá sọ tiwọn, wọn ò tiẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà. Ó kàn mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín èmi àti ọkùnrin yẹn. Ẹni tí mo ṣẹ̀ dúró sójú kan náà tí mo ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo sì lanu, mo ní, "Mo jí ẹran jẹ nínú ìkòkò."

"Ọlọ́run ti gbọ́," ni bàbá mi wí. Gbogbo wa ṣe àmín. Bàbá télọ̀ náà ṣe àmín. Wọ́n wá gbé aṣọ méjèèjì lé mi lọ́wọ́. "Wàá gbó o, wàá tọ́ ọ. Ẹ kú ọdún o." Wọ́n sọdá títì padà.

Mo wọ aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá mi mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìsìn ìparí ọdún, mo sunkún títí ohùn mi fi há, torí mo gbà pé ayé ń parẹ́ lọ pẹ̀lú irọ́ mi. Àwọn ìyá ìjọ ní Ẹ̀mí ló bà lé mi. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń yin Ọlọ́run lórí mi. Ilẹ̀ mọ́, ayé ò parẹ́, àwọn tó ra gàrí pa mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Irọ́ mi náà ò parẹ́. Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ télọ̀ ajóṣọ fún gbogbo obìnrin ìjọ, àwọn yẹn sì gbé aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Kó tó di Kérésì kejì, bàbá télọ̀ ti palẹ̀ mọ́ lọ sí Rumuokwurushi, lápá kejì ìlú. Mo jókòó lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé máṣíìnì wọn sínú ọkọ̀. Mo lè sáré sọdá. Mi ò sáré.

Bí ọdún ṣe ń yí lu ọdún nìyẹn. Mo lọ́kọ, mo bímọ, bàbá mi kú, màmá wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, òfin ìrẹsì Kérésì sì di tèmi. Lọ́dọọdún ni màmá máa ń fi ọ̀rọ̀ télọ̀ ajóṣọ pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún ni mo sì máa ń yẹ ara mi wò, tí mo máa ń rí ohun kékeré kan sọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Òótọ́ ò lé e bá, àfi ìgbà tí ó rẹ irọ́ náà, tó jókòó.

Kérésì tó kọjá ló jókòó. Mo sọ pé mo jẹ́bi àìnísùúrù. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló wò mí, ó ní, "Mummy, every year na only small small sin you dey commit? You no dey do big one?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí dígí títí dé orí ẹran inú ìkòkò.

Màmá ń bó ọsàn lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ mọ̀ báwo, màmá?"

"Kí oṣù yẹn tó parí ni mo fẹ́ gé èyí tó jó fi rán ìrọ̀rí. Mo rí ihò-ihò. Mo gbé áyọ́ọ̀nù wa lé e, ó ṣe rẹ́gí."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Mo ti pariwo rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣà á?"

Àṣé gbogbo ọdún tí èmi àti màmá fi ń yẹ ara wa wò nínú pálọ̀ kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà la jọ ń fò kọjá. A wo ara wa. Mo bínú sí wọn, àánú wọn sì tún ṣe mí.

Ọjọ́ kẹta Kérésì, mo wọkọ̀ lọ sí Rumuokwurushi. Mo bi àwọn tó jáde ní mọ́ṣáláṣí léèrè bàbá télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù. Ìyàwó wọn ni mo bá níbẹ̀, ìyá arúgbó kan tó fi gíláàsì sójú. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, wọ́n ní, "Ìwọ lọmọ Elekahia."

"Èmi ni, mà. Bàbá ńkọ́?"

"Àwẹ̀ méjì ti kọjá lórí sàréè ẹ̀."

Mo sunkún níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Wọn ò ní kí n dìde, wọn ò ní kí n má sunkún.

"Ọjọ́ yẹn gan-an ló sọ fún mi," ni wọ́n wí. "Mo ní kó lọ fi áyọ́ọ̀nù ẹ̀ han ìyá ẹ. Ó ní rárá, pé ọmọ náà máa wá fúnra ẹ̀. Nígbà tí oníbàárà ò wá mọ́, mo tún sọ ọ́. Ó ní ọmọdé ni, kí n má bá ọmọdé bínú. Mi ò bá ọmọdé bínú." Wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún. "Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo dàgbà?"

Oníbàárà kan dé, ó ní òun fẹ́ síìpù dúdú, ìyá sì dìde lọ mú un.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Aṣọ Kérésì yín ti ń ti orí fóònù wá báyìí, nínú ọ̀rá, láti ọwọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ìtọrọ àforíjì náà ti bọ́ sórí fóònù. Tó bá ti ku ọ̀la kí ọdún dé, ẹ ó fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí igba èèyàn, pé bí mo bá ti ṣẹ̀ yín lọ́nàkọnà, ẹ foríjì mí. Mi ò lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu la fi sọ tiwa, nínú pálọ̀, pẹ̀lú Bíbélì, kò sì dé òdìkejì títì. Kí ẹ tó kúnlẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ sọdá ná.

Èmi ṣì ń lọ sí Rumuokwurushi. Lóṣooṣù ni mò ń lọ ra òwú. Màmá ní kí n bá àwọn kí ìyá, mo kí wọn, ìyá ní àwọn gbọ́. Wọn ò tíì ní kí n jókòó. Wọ́n á bi mí pé àwọ̀ wo, màá sọ àwọ̀ kan, wọ́n á dì í fún mi. Mi ò mọ aṣọ rán o. Kọ́bọ́ọ̀dù mi ti kún fún òwú, ọmọbìnrin mi sì ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.